Ìfaragbà àti Ìlẹ̀mọ́ra: Ọ̀rọ̀ Méjì fún Ẹ̀kọ́ Ààbò Ìtànṣán

Ẹni tí ó ń múra ìdánwò àṣẹ-iṣẹ́ lórí ààbò ìtànṣán ní Alápẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni yóò fi kìlọ̀ fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Nítorí náà, ó yẹ kí a ya èrò méjì sọ́tọ̀. “Ìfaragbà” ni kí ìtànṣán ba ara ènìyàn, bí ìgbà tí a ń ya àwòrán egungun. “Ìlẹ̀mọ́ra” ni kí ohun tí ń tú ìtànṣán jáde lẹ̀ mọ́ ara tàbí aṣọ. Ẹni tí oòrùn pa kì í gbé oòrùn wọlé. Ẹni tí ó rìn nínú eruku ni í gbé eruku wọlé.

Ní Goiânia, ní ilẹ̀ Brazil, ní 1987, àwọn tí ń ṣa irin àlòkù tú ẹ̀rọ ìwòsàn kan tí a pa tì. Sísíọ̀mù-137 inú rẹ̀ ba ènìyàn 249, mẹ́rin kú.

Bí a bá jìnnà sí orísun kékeré ní ìlọ́po méjì, ìfaragbà á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ibi yòówù tí a bá sá lọ, ìlẹ̀mọ́ra ń bá wa lọ. Àfi kí a bọ́ aṣọ, kí a sì wẹ̀.

Bí a bá fi orúkọ kan pe méjèèjì, òṣìṣẹ́ yóò máa sá fún aláìsàn tí a ya ní àwòrán, yóò sì máa fi ọwọ́ lásán gbá ìyẹ̀fun olóró.