Ọ̀nà Oǹdó àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ tí igbó ń gbà padà

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn dárúkọ àwọn ọ̀nà tí àwọn baba wa ń gbà láti etí ọ̀sà wọ àárín ilẹ̀ Yorùbá ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, kò ní pẹ́ kà wọ́n tán. Yóò dárúkọ ọ̀nà Abẹ́òkúta tí ó bá odò Ògùn gòkè, ọ̀nà Rẹ́mọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìkòròdú, àti ọ̀nà Ìjẹ̀bú tí ó gba Èjìnrìn àti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìbàdàn. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó fi ara balẹ̀ kàwé, yóò fi ọ̀nà Oǹdó kún un. Ṣùgbọ́n bí a bá tún bi í pé àwọn ọ̀nà tóóró wo ni ó ń já sí ọ̀nà Oǹdó, ta ni ó ń yẹ wọ́n, ibo ni wọ́n sì ti yà, ẹnu rẹ̀ yóò wọhò. N kò dá a lẹ́bi. Àwa tí a ń kọ́ ọ ni a kò bèèrè.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí bí ọ̀nà náà ṣe di ìlúmọ̀ọ́ká. Láti ìgbà ogun Ìjàyè, tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ni Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti mọ̀ pé bí àwọn bá ti bodè, ìbọn àti ẹ̀tù kò ní tètè dé ọwọ́ Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò Èkó náà kò sì ní rí epo àti ẹ̀kùrọ́ rà tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Wọ́n ń ti ọ̀nà, wọ́n ń ṣí i, wọ́n sì tún ń tì í. Glover, olórí ìjọba Èkó nígbà náà, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, pinnu pé òun yóò wá ọ̀nà tí kò kan ilẹ̀ Ẹ̀gbá, tí kò sì kan ti Ìjẹ̀bú. Ní 1872 ni wọ́n rán ọ̀gágun Goldsworthy lọ sí ilẹ̀ Oǹdó, láti bá wọn parí aáwọ̀ tí ó ti tú ìlú ká, kí àwọn ènìyàn lè padà sí Òde Oǹdó, kí ọ̀nà sì lè là. Ọkọ̀ ojú omi ni èrò ń wọ̀ láti Èkó, lórí ọ̀sà sí ìhà ìlà-oòrùn, títí dé Atijẹ̀rẹ̀ àti Ayésàn. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni, nínú igbó kìjikìji, dé Òde Oǹdó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yà sí Òkè Ìgbó àti Ilé-Ifẹ̀, tàbí sí Ìfẹ̀wàrà àti Iléṣà.

Àwọn ìwé kan a máa sọ pé Gólóbà ni ó la ọ̀nà yìí. Ọ̀rọ̀ náà kì í dùn mọ́ mi. Ta ni ó rí òyìnbó tí ó fi àdá la igbó láti Ayésàn dé Oǹdó? Ọ̀nà wà níbẹ̀ kí ó tó dé. Ọ̀nà odò wà, tí àwọn obìnrin ń gbà lọ pọnmi. Ọ̀nà oko wà, tí ó so ahéré kan mọ́ èkejì. Ọ̀nà ọdẹ wà, èyí tí ẹni tí kì í ṣe ọdẹ kò lè fi ojú rí. Ọ̀nà ọjà wà láàárín abúlé sí abúlé, bẹ́ẹ̀ ni àbùjá wà tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbà nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1872 ni pé a so àwọn ọ̀nà tóóró wọ̀nyí pọ̀, a fẹ̀ wọ́n lójú, a sì fi àlàáfíà ṣọ́ wọn. Ọ̀nà ńlá náà jẹ́ ọmọ àwọn ọ̀nà kéékèèké.

Kò pẹ́ tí iṣẹ́ fi kàn án. Ogun Kíríjì dé. Nígbà tí ó di 1877, ọ̀nà ìsàlẹ̀ ti dí mọ́ Ìbàdàn lójú. Láàárín ọdún mẹ́rìndínlógún tí ogun náà fi jà, ọ̀nà Oǹdó ni àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó, àwọn ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀, gbà fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ìbàdàn pàápàá a máa gba ti Òkè Ìgbó rí nǹkan díẹ̀. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ọ̀nà ti rí: ìbọn àwọn ọ̀tá méjèèjì ń gba inú igbó kan náà kọjá, lórí àwọn alárù tí ó jẹ́ pé òṣùká nìkan ni ó ya orí wọn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹrù. Ojú ọ̀nà yìí kan náà ni àlùfáà Charles Phillips, tí ó dé Oǹdó ní 1877, mọ̀ dunjú. Ó sì wà lára àwọn tí ó ṣe alárinà kí a tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà Oǹdó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892 ni àwọn òyìnbó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n, ọ̀nà Ìjẹ̀bú sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ní 1901 ni ọkọ̀ ojú irin wọ Ìbàdàn. Kí ni oníṣòwò Ìbàdàn tún ń wá ní Ayésàn? Ọ̀nà tí ó ti gbé ẹrù ogun padà di ọ̀nà oko, ọ̀nà ọdẹ, ọ̀nà odò. Ní ibi púpọ̀, igbó pa á mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a yà díẹ̀ sí ìdí àṣà, nítorí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Báwo ni ọ̀nà ṣe ń wà láàyè nígbà tí kò sí ẹ̀rọ, tí kò sì sí ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó o? Ojúṣe ni. Abúlé kọ̀ọ̀kan ni ó ni ọ̀nà tirẹ̀ dé ibi tí ààlà rẹ̀ pin sí, níbi tí abúlé kejì yóò ti gbà á. Bí òjò bá ti mú koríko ga, olórí abúlé yóò rán oníkéde jáde, àwọn ọ̀dọ́ tàbí ẹgbẹ́ tí ó kàn yóò sì gbé àdá. Ẹni tí kò bá jáde yóò san ìtanràn. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, kí ọdún ńlá tó wọlé ni a ń yẹ ọ̀nà, kí àlejò àti òrìṣà lè rí ọ̀nà wọlé. Ọdún Ògún sì ni ọdún ńlá ní Oǹdó. Ìtàn tí a ń sọ nípa Ògún ni pé òun ni ó fi irin la ọ̀nà nígbà tí àwọn òrìṣà yòókù ń bọ̀ wá sí ayé, tí igbó sì dí mọ́ wọn. Nítorí náà, nígbà tí ọmọkùnrin kan bá di àdá mú tí ó ń yẹ ọ̀nà odò, iṣẹ́ tí Ògún bẹ̀rẹ̀ ni ó ń ṣe. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kì í dí mọ́ aládàá.

Ọ̀nà ní èdè tirẹ̀ pẹ̀lú. Ibi tí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta bá ti pàdé, Èṣù ni ó ni ibẹ̀, a kì í sì í kọjá níbẹ̀ láìbìkítà. Obìnrin tí kò lè jókòó ti ọjà rẹ̀ a máa gbé iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, a ka òkúta wẹ́wẹ́ sí i láti fi iye owó rẹ̀ hàn, a sì bá oko rẹ̀ lọ. Èrò tí ó bá rà á yóò ka owó ẹyọ sílẹ̀. Bí àwọn arìnrìn-àjò bá dé oríta, tí àwọn kan ṣì wà lẹ́yìn, ẹni iwájú yóò já ewé tútù, yóò fi dábùú ọ̀nà tí wọn kò gbà. Ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò rí i, yóò mọ̀ pé ọ̀nà náà ti tì, yóò sì gba èkejì. Bí èrò méjì bá pàdé, wọn kò ní kọjá lára wọn bí ẹran: ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu, ọ̀nà á gbè wá o. Inú ìkíni bẹ́ẹ̀ ni a ti ń gbọ́ bóyá odò tí ó wà níwájú ti kún.

Nígbà tí ìjọba àmúnisìn dé, wọ́n ń ti ẹ̀yìn àwọn ọba kó ènìyàn jáde láti la ọ̀nà mọ́tò. Ọ̀nà mọ́tò di ti ìjọba, ìjọba ni yóò sì tún un ṣe tàbí kí ó má tún un ṣe. Ọ̀nà tóóró kò di ti ẹnì kankan. Èrò tèmi ni pé níbẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́, ṣáájú ọ̀kadà àti ṣáájú ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé tí ó ń lé àwọn àgbẹ̀ kúrò nínú igbó ní òde òní. Ọ̀nà tí kò sí ẹni tí ojúṣe rẹ̀ jẹ́ láti yẹ ẹ́, ọdún mélòó kan ni igbó nílò láti fi pa á rẹ́?

Ẹnìkan lè sọ pé, kí ni ó burú níbẹ̀? Ṣebí ọ̀dà ti wà. Ẹ bi àwọn tí ń ṣe ẹjọ́ ilẹ̀. Bí ìdílé méjì bá ń jà lórí ààlà, ohun tí àwọn àgbà ń fà yọ ni igi pèrègún, odò, àti ọ̀nà àtijọ́: “Láti ibi tí ọ̀nà odò ti yà, apá ọ̀tún ni tiwa.” Nígbà tí ọ̀nà odò kò bá sí mọ́, tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sì ti sùn, kí ni yóò jẹ́rìí? Ibi tí àwọn ìlú tí ogun fọ́ wà, àwọn ahoro wa, kò sí ọ̀dà tí ó dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ọ̀nà tóóró nìkan ni ó mọ ibẹ̀.

Èyí ni ó mú kí n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi méje lọ sí abúlé kan láàárín Oǹdó àti Òkè Ìgbó, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. (Òkè Ìgbó yìí ni ìlú D. O. Fágúnwà. Ẹni tí ó bá ti rin igbó agbègbè náà kò ní béèrè ibi tí ó ti rí igbó irúnmalẹ̀.) Bàbá kan tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún gbà láti mú wa gba ọ̀nà tí baba rẹ̀ ń gbà gbé ẹrù dé ọ̀nà ńlá. Mo kí i lórí ìdọ̀bálẹ̀, mo ní, “Bàbá, ẹ má jẹ́ kí a dà yín láàmú o.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tíṣà, ìwọ ni n kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ dùn.”

Ọ̀nà náà ṣì wà ní apá ibì kan. Inú oko kòkó ni ó gbà, ilẹ̀ rẹ̀ sì ti rì jinlẹ̀ bí ọpọ́n, nítorí ẹsẹ̀ tí ó ti tẹ̀ ẹ́. Bàbá fi àpáàdì ìkòkò hàn wá ní ìdí igi obì kan, ó ní ibẹ̀ ni ìyá òun àgbà ń gbé omi mímu sí fún èrò, láìgba owó. Ó dárúkọ gbogbo ibi tí ọ̀nà yà: ọ̀nà tí ó lọ sí odò, ọ̀nà tí ó lọ sí ahéré ìdílé kan tí wọ́n ti kó lọ sí ìlú, àti ọ̀nà kan tí ó ní òun kò lè dárúkọ lójú àwọn obìnrin tí ó wà láàárín wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a ti rìn fún bíi wákàtí kan àti ààbọ̀, a dédé kan wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Ilé iṣẹ́ kan ti ra ilẹ̀ náà, wọ́n ti gbin ọ̀pẹ sí i ní ìlà gbọọrọ. Bàbá fi ọwọ́ kan wáyà náà, ó wo iwájú fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Wọn kò bi wá léèrè.” Kò tún sọ nǹkan mìíràn nípa rẹ̀.

A pẹ̀yìn dà, Bàbá sì ní òun mọ àbùjá tí yóò mú wa dé ọ̀dà kíákíá. Nígbà tí a dé oríta, ó já ewé akòko, ó fi dábùú ọ̀nà òsì, a sì gba ti ọ̀tún. Mẹ́ta nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti dúró lẹ́yìn láti ya fọ́tò. Nígbà tí a dé ọ̀dà, a dúró dè wọ́n títí, a kò rí wọn. Fóònù kò lọ. Bàbá padà sínú igbó fúnra rẹ̀, ó ń ké hóò, títí tí wọ́n fi dá a lóhùn láti ọ̀nà jíjìn, ní apá òsì. Nígbà tí wọ́n dé, tí òógùn bò wọ́n, mo bi wọ́n bóyá wọn kò rí ewé ní oríta. Wọ́n ní àwọn rí i. Ọ̀kan nínú wọn, tí ó ti wà ní ọdún kẹta nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá, ní àwọn rò pé ẹran ni ó já a jù síbẹ̀, àwọn sì gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀.