Ooru lókè, ṣáláńgá lẹ́yìnkùlé: ohun tó ń pa iyùn ní Hawaii

Iyùn tí ìyàwó so mọ́ ọrùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó kì í ṣe òkúta. Egungun ẹranko kékeré kan tó ń gbé inú òkun ni. Àwọn ìbátan ẹranko yìí ló ń fi egungun tiwọn mọ àpáta ràgàjì sínú àwọn òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àpáta wọn kò gbà tó ìdá 1 nínú 100 ilẹ̀ òkun, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá 1 nínú 4 oríṣi ẹ̀dá inú òkun ló fi ṣe ilé.

Iyùn tó ń mọ àpáta yìí kì í dá oúnjẹ wá tán. Ewéko tíńtìntín kan ń gbé inú ẹran ara rẹ̀, ó ń fi oòrùn pèsè oúnjẹ fún un, òun náà ló ń fún un láwọ̀. Bí omi bá fi ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì 1 péré gbóná ju bó ṣe máa ń gbóná tó nígbà ooru, tí kò sì rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ewéko yìí á máa tu ohun tó dà bíi májèlé sí i lára, iyùn á sì lé e jáde. Ara rẹ̀ á funfun báláú, egungun á máa hàn láti inú. Kò tíì kú o, ebi ló ń pa á. Àfi kí omi tètè tutù.

Ooru nìkan kọ́ ló ń pa á. Ní Kāneʻohe, ní erékùṣù Oahu ní Hawaii, inú òkun etílé ni wọ́n ń da omi ìgbẹ́ sí títí di nǹkan bí ọdún 1978. Ó di ajílẹ̀ fún ewé òkun kan tó rí roboto bí ìfófòó, ewé náà sì bo iyùn mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé páìpù tó ń da omi ìgbẹ́ náà lọ sójú agbami, ewé dínkù, iyùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọjí.

Ooru ńlá ọdún 2015 ní Hawaii tún fi ẹ̀rí kan hàn. Ìwádìí tó jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature lọ́dún 2023 fi hàn pé níbi tí ìdọ̀tí orí ilẹ̀ ti dínkù, tí ẹja tó ń jẹ ewé òkun sì pọ̀, iyùn ibẹ̀ ló rọ́nà là jù.

Síbẹ̀, ṣáláńgá tó lé ní 80,000 ṣì ń tú omi ìgbẹ́ sínú ilẹ̀ Hawaii, tó ń jò lọ sínú òkun, òfin ọdún 2017 sì fún àwọn tó ni wọ́n di 2050 láti pààrọ̀ wọn. Lójú tèmi, 2050 ti jìnnà jù, nítorí ooru kò dúró. Láàárín 2023 sí 2025, ooru tó lè sọ iyùn di funfun ti dé orí àpáta iyùn tó ju ìdá 80 nínú 100 lọ káàkiri ayé.