Oníwèé Ìròyìn Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Gbọ́ Ìròyìn

Orí rédíò bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ, ọjọ́ 7 oṣù Keje, ọdún 1998: MKO Abíọ́lá ti kú. Bàbá ṣí fìlà, wọ́n gbé e lé orúnkún, wọn ò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìbò ààrẹ Nàìjíríà ti ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ọdún 1993, tí Abíọ́lá borí, ló fa gbogbo rẹ̀. Babangida, olórí ìjọba ológun, wọ́gi lé e. Lọ́dún kejì, Abíọ́lá kéde l'Ẹ́pẹ̀tẹ̀dó, l'Ékòó, pé òun ni ààrẹ, ni ìjọba ológun Abacha bá gbé e tì mọ́lé.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ọkùnrin tó dá ìwé ìròyìn Concord sílẹ̀ kò gbọ́ ìròyìn ayé mọ́ ní àtìmọ́lé. Nígbà tí Kofi Annan, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, lọ wò ó, kò mọ̀ ọ́n. Ará Íjíbítì tó wà nípò náà tẹ́lẹ̀ ni Abíọ́lá ń béèrè. Ẹ rò ó wò! Bẹ́ẹ̀ ìjọba ti ní kó gbàgbé ìbò náà kó máa lọ sílé. Ó kọ̀. Nígbà tó wà ní àtìmọ́lé, wọ́n yìnbọn pa Kudirat, aya rẹ̀, lọ́dún 1996.

Lọ́jọ́ 7 oṣù Keje náà, l'Ábùjá, àwọn aṣojú Amẹ́ríkà jókòó tì í, wọ́n gbé tíì wá. Kò pẹ́ tí ara rẹ̀ fi yí padà. Lọ́jọ́ náà gan-an ló dákẹ́.