Òkúta àti Ìkarahun fún Adìẹ Àgbàlá

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé adìẹ ń jẹ ọkà, ó ń mu omi, ó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, síbẹ̀ ó ní òun kò ní eyín. Ewúrẹ́ tí ó ní eyín, ṣé irin ni ó ń gbé mì? Òtítọ́ inú òwe yìí ju ẹ̀rín lọ. Iwe adìẹ ni ọlọ rẹ̀, òkúta tí ó gbé mì sì ni ọmọ ọlọ. Bí kò bá sí òkúta níbẹ̀, odidi àgbàdo kì yóò kúnná, oúnjẹ a sì ṣòfò.

Adìẹ tí ń jẹ̀ káàkiri a máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá òkúta, kòkòrò àti àfọ́kù ìkarahun. Ṣùgbọ́n nínú ìlú ńlá, nítorí olè, ọkọ̀ àti ẹjọ́ aládùúgbò, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń sé adìẹ mọ́ inú àgò. Èyí kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dá ẹsẹ̀ adìẹ dúró ti gba iṣẹ́ ẹsẹ̀ náà ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò. Èèpo ẹyin kan gba nǹkan bí gíráàmù 2 kálísíọ́mù, èròjà tí a fi mọ egungun àti ìkarahun. Adìẹ tí ń yé a máa jẹ oúnjẹ bí ìdámẹ́wàá kílò lóòjọ́. Bí ó bá ṣe àgbàdo nìkan ni, kálísíọ́mù tí yóò rí níbẹ̀ kò tó ìdámẹ́wàá gíráàmù 1. Níbo ni ó ti ń rí ìyókù? Inú egungun ara rẹ̀ ni. Ó dà bí oníṣòwò tí ń jẹ ojú owó. Láìpẹ́, èèpo ẹyin yóò fẹ́lẹ́, ẹyin yóò máa fọ́ nínú agbọ̀n kí ó tó dé ọjà, adìẹ yóò sì máa tiro. Nígbà náà ni àwọn kan yóò máa fura sí aládùúgbò.

Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ kó ìkarahun ìgbín tàbí ti ìsáwùrú, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a gbẹ, kí ẹ sì fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Èèpo ẹyin náà dára, ṣùgbọ́n ẹ yan án gbẹ, kí ẹ sì rún un títí kì yóò fi jọ ẹyin mọ́, kí adìẹ má baà kọ́ àṣà jíjẹ ẹyin ara rẹ̀. Ẹ fi í sínú àwo ọ̀tọ̀. Adìẹ tí ó nílò rẹ̀ yóò ṣà á jẹ. Kí ó má ṣe tán ní ìrọ̀lẹ́, nítorí òru ni èèpo ẹyin ń dì jù.

Ẹ má ṣe fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ìkarahun a máa yọ́ nínú adìẹ. Kò lè ṣe ọmọ ọlọ pẹ́. Òkúta àpáta líle, irú èyí tí ó pọ̀ ní Abẹ́òkúta, tí a fọ́ wẹ́wẹ́ bí ẹyọ ọkà bàbà, ni ó yẹ iṣẹ́ yẹn.

Òròmọdìẹ àti adìẹ tí kò tíì yé kò gbọdọ̀ jẹ ìkarahun púpọ̀, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ a máa ba kíndìnrín wọn jẹ́. Bákan náà, ooru àti àrùn lè mú kí èèpo ẹyin rọ̀. Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí kò sí ìyàtọ̀, ẹ pe oníṣègùn ẹran.

Àwo méjì péré ni adìẹ ń béèrè. Àwa tí ń kó ẹyin rẹ̀ lójoojúmọ́, kí a má ṣe fi wọ́n dù ú.