R.E.M.: Olórin mẹ́rin tó pín èrè dọ́gba

Ọjọ́ tówó bá wọlé ni ọ̀pọ̀ òwò àjọṣe máa ń fọ́. Ti ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì R.E.M. kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1980 ni Michael Stipe, Peter Buck, Mike Mills àti Bill Berry dá a sílẹ̀ nílùú Athens, ní ìpínlẹ̀ Georgia, l'Amẹ́ríkà.

Ẹni yòówù kó mú orin wá, orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ń kọ sí i, wọ́n sì ń pín owó rẹ̀ lọ́gbọọgba. Kò sídìí láti máa jà lórí orin ta ni yóò wọ inú àwo.

Wọn ò kánjú. Ọ̀dọ̀ I.R.S., ilé iṣẹ́ kékeré, ni wọ́n wà láti 1982 kí wọ́n tó bọ́ sí Warner Bros. ní 1988. Nígbà tí wọ́n tún àdéhùn ṣe ní 1996, ìròyìn gbé e pé ó tó mílíọ̀nù 80 dọ́là.

Berry fẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1997, àmọ́ kò bínú lọ. Àwọn mẹ́ta tó kù fẹnu kò láti pa á tì ní 2011. Ní 2024, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tún jọ kọrin nílùú New York.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ dòwò pọ̀, ẹ tètè sọ bẹ́ ẹ ṣe máa pín èrè kówó tó dé. Àjọjẹ ò dùn bẹ́nì kan ò bá ní.