Labalábá Orí Ọsàn àti Àwọn Onífísíìsì

Labalábá dúdú kan wà tí ọ̀já búlúù gba àárín ìyẹ́ rẹ̀ kọjá; bó bá na ìyẹ́, ó ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 9. Nígbà ayé J. K. Coker, gbajúmọ̀ àgbẹ̀ kòkó, oko kòkó àti obì ni Agége, ní Èkó. Láti sáà 1950 ni ilé-iṣẹ́ ti ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ oko ní Ìkẹjà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé tí igi ọsàn bá ṣẹ́kù sí tẹ́ labalábá yìí lọ́rùn. Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló sọ ọ́ ní Papilio nireus ní 1758. Arẹwà ọkùnrin kan ni Nireus nínú ìtàn ogun Troy.

Ewé ọsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú ni ìyá ń yé ẹyin sí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kòkòrò tó bá pa jáde á máa jẹ ewé náà; bí a bá fọwọ́ tọ́ ọ, ìwo rírọ̀ méjì á yọ lẹ́yìn orí rẹ̀, òórùn á sọ. Àkọ́rọ̀ òjò ń dé Èkó ní oṣù Kẹta sí Ìkẹrin, òjò ń le jù ní oṣù Kẹfà, ó ń sinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, kí àrọ̀kúrò tó dé ní oṣù Kẹsàn-án. Ìgbà tí ọsàn bá rú ewé lẹ́yìn òjò ni kí ẹ wá ẹyin labalábá náà.

Ní ti búlúù ọ̀já náà, Pete Vukusic, onífísíìsì ní Yunifásítì Exeter, Ẹ́ńgílàǹdì, ti wọn ìmọ́lẹ̀ lára Morpho, labalábá búlúù ti Gúúsù Amẹ́ríkà, ní 1999. Ní oṣù Kọkànlá 2005, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Ian Hooper, gbé iṣẹ́ wọn lórí nireus jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Lẹ́búlẹ́bú tó ń lẹ̀ mọ́ ọmọdé lọ́wọ́ bó bá mú labalábá, ìpẹ́ ni, tí a tò léra bíi páànù òrùlé. Ìpẹ́ búlúù nireus kún fún ihò afẹ́fẹ́, tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi nánòmítà 240: ẹ tó 4,000 irú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, mílímítà kan gbà wọ́n. Àwọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run, tó sì ń tú u jáde padà ní búlúù tó súnmọ́ àwọ̀ ewé. Ìpele mẹ́ta nísàlẹ̀ ń dá èyí tó bá fẹ́ sá lọ sísàlẹ̀ padà sókè. Ọgbọ́n kan náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń dá sí iná LED kí ìmọ́lẹ̀ má bàa há sínú rẹ̀. Akasaki, Amano àti Nakamura, ọmọ bíbí Japan, gba ẹ̀bùn Nobel 2014 lórí LED búlúù, irú èyí tó ń tan ojú fóònù ní ọjà Computer Village, Ìkẹjà.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù lọ rèé. Ní 2012, Vukusic fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, pẹ̀lú Bodo Wilts àti Doekele Stavenga ti Groningen, Netherlands. Wọ́n rí i pé ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà láti awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ìsàlẹ̀ ìpẹ́ ló ń pinnu búlúù ọ̀já náà, tí àwọ̀ òkè sì ń sẹ́ ẹ bó ti ń jáde. Àtúnṣe yìí kò ba iṣẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ lójú tèmi.

Olùkọ́ físíìsì ní Agége kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá láti fi apá kan rẹ̀ han ọmọ kíláàsì. Kó wá òkú nireus kan àti àwo CD àtijọ́, kó yí méjèèjì síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú oòrùn. Àwọ̀ CD á máa sáré láti pupa dé búlúù. Ọ̀já nireus kò ní yí tó bẹ́ẹ̀, nítorí àwọ̀ tó ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀ lókè ìpẹ́ ń gé èyí tó yẹ kó yí kúrò.