Nígbà Tí Ilé-iṣẹ́ Bá Gbé Irinṣẹ́ Rẹ̀ Lé Ẹni Tó Ń Gbá Géèmù Lọ́wọ́

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí Konami ti ṣe géèmù bọ́ọ̀lù PES kẹ́yìn fún ẹ̀rọ PSP. Síbẹ̀, bí ẹ bá yà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá géèmù lórí fóònù ní Opebi, ní Ìkẹjà nílùú Èkó, tàbí ní Computer Village tí kò jìnnà síbẹ̀, ẹ óò bá PES orí PSP yẹn lọ́wọ́ wọn, nínú PPSSPP, áàpù tó ń jẹ́ kí géèmù PSP ṣiṣẹ́ lórí fóònù. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, jẹ́sì tuntun sì wà lọ́rùn wọn. Konami kọ́ ló ṣe é. Àwọn tó ń gbá géèmù náà ló tú u palẹ̀, tí wọ́n yọ orúkọ àti àwòrán àtijọ́ kúrò, tí wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n sì tún un dì padà.

Iṣẹ́ ọpọlọ ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń ṣe é. Àmọ́ inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó fi ibi tí orúkọ agbábọ́ọ̀lù wà nínú fáìlì hàn wọ́n, àdánwò ni wọ́n fi wá a rí. Wọn ò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á, torí pé ohun ìní Konami ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà mìíràn wà, òun ni mo fẹ́ ṣàlàyé: kí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbé irinṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń lò lé ẹni tó ń gbá géèmù lọ́wọ́, bí ìgbà tí aránṣọ ta aṣọ fún oníbàárà tán, tó tún fi pátánù àti ẹ̀rọ ìránṣọ lé e lọ́wọ́.

Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé nǹkan méjì ló wà nínú géèmù. Ẹ́ńjìnnì wà: òun ló ń ya àwòrán sójú, tó ń ka bọ́tìnnì tí a tẹ̀, tó ń ṣírò ibi tí bọ́ọ̀lù yóò bọ́ sí. Ẹrù tí ẹ́ńjìnnì ń gbé náà wà: máàpù, àwòrán, ohùn, orúkọ, òfin eré. Bí méjèèjì bá lọ́ mọ́ra wọn, àlejò kò lè fọwọ́ kan ọ̀kan kó má ba èkejì jẹ́. Nígbà tí id Software ṣe Doom ní Amẹ́ríkà ní 1993, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kó máàpù, àwòrán àti ohùn sínú fáìlì ọ̀tọ̀ tí wọ́n pè ní WAD. Ẹni tó bá wù ú lè ṣe WAD tirẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì gbà á. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là fún àwọn tó kù.

Half-Life, géèmù ilé-iṣẹ́ Valve, tẹ̀ lé e ní 1998. Valve fún àwọn tó rà á ní irinṣẹ́ tí wọ́n lè fi kọ́ máàpù, kí wọ́n sì yí òfin eré padà. Minh Le, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Kánádà, àti Jess Cliffe fi ṣe Counter-Strike ní 1999. Valve kò pè wọ́n lẹ́jọ́. Ó gbà wọ́n síṣẹ́, ó ra géèmù náà, ó sì gbé e sọ́jà ní 2000. Géèmù Dota náà, inú irinṣẹ́ máàpù tí Blizzard fi sínú Warcraft III ní 2002 ló ti jáde.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan, ká tọ̀ ọ́ dópin. Ká ní ọ̀dọ́ kan ní Opebi fẹ́ gbé àdúgbò rẹ̀ sínú Roblox, ibi tí ènìyàn ti ń kọ́ géèmù fún ẹlòmíràn láti gbá, kí ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù lè rìn ín. Kò lè ṣe kó má ní danfo. Inú Blender, irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ni yóò ti mọ ọkọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ jù lọ ohun tí ojú ń rí nínú irú géèmù báyìí, onígun mẹ́ta kéékèèké tí a so pọ̀ ni. Bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ni ọkọ̀ á ṣe jọ ọkọ̀ tó, ṣùgbọ́n fóònù ní láti ya gbogbo wọn ní ọgbọ̀n ìgbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, ẹni tó mọṣẹ́ a máa dín wọn kù níbi tí ojú kì í dé: abẹ́ ọkọ̀, ẹ̀yìn ìjókòó, inú táyà. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò ya àwòrán pẹlẹbẹ kan tí yóò wé mọ́ ọkọ̀ náà bí awọ, tó ru àwọ̀ yẹ́lò, ìlà dúdú, ibi tó ti dógùn-ún, àti ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ kọ sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn kò fi onígun mẹ́ta kankan kún un, torí inú àwòrán ló wà.

Ó wá gbé e wọ Roblox Studio, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ló ti máa pinnu ibi tó le àti ibi tó ṣeé gbà kọjá. Bí kò bá bìkítà, ẹ́ńjìnnì lè fi àpótí kan tí kò ṣeé fojú rí bo gbogbo ọkọ̀, èrò á sì dúró síwájú ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ láìrí ọ̀nà wọlé. Kóòdù ló kù, èdè Luau, tí wọ́n mú jáde látara Lua, sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́ níbẹ̀: bí èrò bá wọlé, kí kọ́ńdọ́ gba owó, kí ọkọ̀ gbéra. Kí ìṣírò owó wà lórí sáfà ilé-iṣẹ́, kó má wà lórí fóònù èrò, torí ohun tó bá wà lórí fóònù, ẹni tó ní fóònù lè yí i. Lẹ́yìn ìdánwò, bọ́tìnnì kan ló máa tẹ̀ láti fi í síta fún aráyé. Irinṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Epic gbé jáde fún géèmù rẹ̀, Fortnite, ní oṣù kẹta ọdún 2023 tún ga ju èyí lọ, torí pé ẹ́ńjìnnì Unreal gan-an ni wọ́n fi ṣe é.

Ọ̀rọ̀ owó ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ní 2015, Valve àti Bethesda gbìyànjú láti jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe àfikún sí Skyrim, géèmù Bethesda, máa tà á, ìdá kan péré nínú mẹ́rin owó náà ni tẹni tó ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń gbá a fárí gá, wọ́n sì fà á padà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Epic ń kó ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé lórí Fortnite sójú kan, àwọn tó kọ́ ibi eré, títí kan Epic fúnra rẹ̀, sì ń pín in bí èrò tó ń wá bá wọn ṣe pọ̀ tó. Lórí Roblox, ó dìgbà tí o bá pa 30,000 Robux, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, kí o tó lè ṣẹ́ ẹ sí dọ́là. Blizzard ní tirẹ̀, lẹ́yìn tí Dota ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kọ ọ́ sínú àdéhùn ní 2020 pé eré yòówù tí ènìyàn bá fi irinṣẹ́ Warcraft III ṣe, Blizzard ló ni ín. Lójú tèmi, ìyẹn kò dáa. Ẹ ka àdéhùn kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì.

Nílé níbí, iná àti ẹ̀rọ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Irinṣẹ́ Fortnite, kọ̀ǹpútà Windows tó lágbára nìkan ló lè gbé e, Roblox Studio kò sì ṣeé lò lórí fóònù. Ṣùgbọ́n Blender jẹ́ ọ̀fẹ́, Godot tí í ṣe ẹ́ńjìnnì géèmù náà jẹ́ ọ̀fẹ́, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí RAM rẹ̀ jẹ́ 8GB sì lè gbé méjèèjì. Ibẹ̀ ni mo máa ní kí ọ̀dọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìṣòro kejì ni bí àwọn géèmù tiwa yóò ṣe ṣí sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, ọwọ́ àwọn tó ń ṣe géèmù nílùú Èkó sì ni ojútùú rẹ̀ wà. Maliyo Games, tí Hugo Obi dá sílẹ̀ ní 2012, ti fi hàn pé àwa náà lè ṣe géèmù. Òun ló ṣe Iwájú: Rising Chef, géèmù oúnjẹ sísè, fún Disney ní 2024, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ nínú ètò GameUp Africa. Disney ló ni Iwájú, Maliyo nìkan kò lè ṣí i sílẹ̀. Ṣùgbọ́n géèmù tó bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Èkó fúnra rẹ̀ ṣeé ṣí. Ẹ ya ẹrù kúrò lára ẹ́ńjìnnì láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ọmọ Ìjẹ̀bú lè fi ìkọ́kọrẹ́ sínú géèmù ìdáná, kí ọmọ Opebi lè fi òpópónà rẹ̀ sínú géèmù ọkọ̀. Kẹ́ ẹ sì kọ ìpín wọn sínú ìwé àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.